Ènìyàn 22 yọ̀ǹda ara wọn fún fíìmù wa, ó ti ku mẹ́fà. Ṣé ká tú ká ni?

ÌBÉÈRÈ (Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Fíìmù kúkurú la fẹ́ ṣe, eré ìdílé, kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Ilé méjì, ọjà kan, àti ẹ̀bá odò. Ìwé eré jẹ́ ojú ewé 18, ìran 14 ló wà nínú ẹ̀. Kò sówó tá a fẹ́ san fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn 22 ló ní àwọn á yọ̀ǹda ara wọn. Sátidé àkọ́kọ́, 19 wá. Ìkejì, 11. Ìkẹta, mẹ́fà. Ìran méjì péré la sì tíì yà. Àwọn kan ní ká máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé. Àwọn kan ní tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ká pè wọ́n ní aago méje. Ẹnì kan sọ ọ́ sí mi lójú pé iṣẹ́ tí wọn ò sanwó fún kì í parí. Fóònù mẹ́ta la fi ń yà á. Ṣé ká tú ká ni?

* * *

ALÁKÒÓSO ÈTÒ

Ẹ má tú ká, ẹ má sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn 19 tó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mélòó ló rí iṣẹ́ ṣe? Ìran òṣèré méjì nínú pálọ̀ ń fẹ́ òṣèré méjì yẹn, ẹni tó ń yà á, ẹni tó ń gba ohùn, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, àti olùdarí. Mẹ́fà nìyẹn. Ẹ fi ẹni méjì kún un fún iná àti oúnjẹ, ó di mẹ́jọ. Àwọn 11 yòókù ń kọ́? Wọ́n jókòó síta láti àárọ̀, ebi ń pa wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tó máa kàn wọ́n. Ẹni tó bá fi odindi Sátidé jókòó bẹ́ẹ̀ kò ní padà wá, ì báà jẹ́ pé ẹ̀ ń sanwó. Àkókò wọn lowó tí wọ́n fi ràn yín lọ́wọ́, ẹ sì ti ná an dànù lẹ́ẹ̀kan.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó tún pe ẹnikẹ́ni, ẹ gé bébà wẹ́wẹ́: ìran kan, bébà kan. Ẹ kọ nọ́ńbà ìran náà sí i, ibi tẹ́ ẹ ti máa yà á, inú ilé tàbí ìta, ọ̀sán tàbí òru, orúkọ gbogbo òṣèré tó wà nínú ẹ̀, àti gbogbo ohun tí wọ́n máa fọwọ́ kàn: ìkòkò, àpò, ọ̀kadà, lẹ́tà. Ẹ tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá kó àwọn tó jẹ́ ibì kan náà jọ. Ì báà jẹ́ pé ọ̀kan ni ìbẹ̀rẹ̀ eré tí èkejì sì jẹ́ òpin, ọjọ́ kan náà lẹ máa yà wọ́n.

Ẹ wá ka ìwé eré sókè pẹ̀lú aago. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ojú ewé kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò yẹn dọ́gba fún ìwé eré òyìnbó tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Eré Yorùbá ń kí ara ẹni, ń pòwe, ń ki oríkì. Ìkíni ọkọ àti ìyá ọkọ nìkan lè gba àbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí aago bá sọ sára bébà kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn lè ya ojú ewé mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́jọ́ kan kó sì dáa. Ojú ewé 18, ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà nìyẹn. Ẹ fa ìlà: orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọjọ́ lókè, ẹ fi àmì sí ọjọ́ tá a nílò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn 22 yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo la nílò wọn, àwọn míì wákàtí méjì. Ẹni tẹ́ ẹ bá bẹ̀ fún wákàtí méjì, tẹ́ ẹ sì tú sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì, á tún dá yín lóhùn lọ́jọ́ mìíràn.

* * *

ẸNI TÓ TA KO

Mi ò gbà pé ká má gba ìtanràn. Nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé ń sanwó, wọ́n sì ń tètè dé. Kí ló dé tí kò fi ní ṣiṣẹ́ níbí?

* * *

ALÁKÒÓSO ÈTÒ

Torí pé ẹni tó wà nínú alájẹsẹ́kù ní owó níbẹ̀. Kò lè bínú lọ kó fi í sílẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, kò ní kọ́bọ̀ kankan nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bu owó lé e, ọjọ́ yẹn ló máa wá síbẹ̀ mọ.

Ti pé ká pe aago méje fún iṣẹ́ aago mẹ́sàn-án, ìyẹn ló burú jù. Ẹni tó bá dé ní méje, tó sì jókòó wákàtí méjì, á dé ní mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà á wá pè é ní mẹ́fà. Àwọn tó ń pa àdéhùn mọ́ ni ìwà yìí ń fìyà jẹ, àwọn gan-an lẹ sì nílò jù.

Ẹ sọ aago tó jẹ́ òótọ́, ẹ má sì pe gbogbo wọn sí aago kan náà. Nínú ìwé ìpè, èyí tí àwọn ará lokéṣọ̀n (ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù) ń pè ní call sheet, ẹ kọ ọ́ báyìí: kámẹ́rà àti ohùn, 7:00. Òṣèré ìran kẹta, 7:30. A ó ya àkọ́kọ́ ní 8:15. Òṣèré ìran kẹsàn-án, 10:30. Ìparí, 2:00. Ẹ fi nọ́ńbà ilé àti àmì ìdúró kan sí i, bí "ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì". Ẹ fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí oníkálùkù fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn pé "mò ń bọ̀". Ẹni tó bá dákẹ́ títí di ọ̀sán Ẹtì, ẹ pè é lórí fóònù; ẹ má kà á mọ́ àwọn tó ń bọ̀.

Tẹ́nì kan bá ṣì pẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Nínú gbogbo ìran, ohun kan wà tí kò fẹ́ ojú òṣèré: ọwọ́ tó ń ṣí ìkòkò, bàtà lẹ́nu ọ̀nà, aago ara ògiri, ilẹ̀kùn tó ń tì. Ẹ to irú ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ de òwúrọ̀. Tí ẹni tó pẹ́ bá dé tó bá iṣẹ́ lẹ́nu, ojú á tì í ju owó ìtanràn lọ, kò sì ní bínú sí ẹnikẹ́ni.

* * *

OLÓÚNJẸ

Kẹ́ ẹ tó dé orí kámẹ́rà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àwọn ènìyàn gbà pé a ò ní sanwó iṣẹ́. Ohun tí wọn ò ní gbà ni pé kí wọ́n fi owó ara wọn wọkọ̀ wá, kí wọ́n tún ra oúnjẹ. Owó díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi san kẹ́ ẹ tó yá iná kankan. Owó kẹ̀kẹ́ tàbí kọ́rọ́pẹ láti Òkè-Fìà wá sí Òkè-Baálẹ̀, lílọ àti bíbọ̀, ẹ fún un nígbà tó bá dé. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ń lọ, kó má baà máa ronú nípa ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Fún ènìyàn 12: kóńgò ìrẹsì kan àti díẹ̀ lé. Àpò píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, torí 20 ló wà nínú àpò kan, ẹni tó bá wà nínú oòrùn á mu mẹ́rin ó kéré tán, ìyẹn 48. Àwọn 12 tó kù wà fún ọwọ́ fífọ̀ àti ẹni tó bá ń mu jù. Àárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọ̀sán, kí ó má kọjá wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tẹ́ ẹ pè wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe á bẹ̀rẹ̀: òṣèré á máa gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹni tó ń di máìkì mú á máa jẹ́ kó wọ inú àwòrán.

Ẹ tún bèèrè ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti ẹni tó máa kírun. Ọjọ́ Ẹtì, ẹ má fi iṣẹ́ kankan sáàárín aago kan sí méjì àbọ̀. Àkókò náà ti lọ, ì báà jẹ́ pé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí ẹ ò kọ ọ́.

* * *

AGBOHÙN

Èmi á fẹ́ bá Sátidé fúnra ẹ̀ jà. Ọjọ́ òde ni Sátidé ní Òṣogbo. Láti bí aago 12, ẹnì kan á ti ta tẹ́ńtì sójú pópó, gbohùngbohùn á sì bẹ̀rẹ̀. Ìdajì àwọn olùyọ̀ǹda yín ló ní aṣọ ẹbí láti wọ̀. Ẹ ya gbogbo ìran tí ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀ láàárín aago méje sí mọ́kànlá, kẹ́ ẹ fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ìrìn, iṣẹ́ ọwọ́, àti ojú tí kò sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé "a máa gbé ohùn lé e lẹ́yìn". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláìgbowó. Kí ẹ tó lè gbé ohùn lé e, ẹ gbọ́dọ̀ tún pe gbogbo òṣèré náà padà sí ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rí lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú wàhálà, ẹ ti sọ ọ́ di méjì. Èdè wa náà kò jẹ́ kó rọrùn: tí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, "ọkọ̀" di "ọkọ", etí gbogbo ará ilé á sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ gbígbọ́ nìkan, pẹ̀lú íápíìsì létí, kí ó ní àṣẹ láti sọ pé "ẹ tún un ṣe". Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà, ìbú ọwọ́ kan sísàlẹ̀ àgbọ̀n ni ipò ẹ̀. Aṣọ ló sábà máa ń bà á jẹ́. Àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sítáàṣì sí, gínnì, lẹ́ẹ̀sì tó le: gbogbo wọn ń ha máìkì, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ká ewé gbígbẹ. Kí olùtọ́jú aṣọ fọ sítáàṣì yẹn kúrò ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì fi gọ́ọ̀mù onítéèpù lẹ máìkì mọ́ ẹ̀wù abẹ́, kó má jẹ́ kí aṣọ òkè kàn án.

Ẹ pa fáànù. Ẹ pa firíìjì, kí onílé fi kọ́kọ́rọ́ ilé tàbí ti ọkọ̀ ẹ̀ sínú firíìjì náà. Kò ní lè jáde láìrántí tàn án padà, ẹran onílé kò sì ní bà jẹ́. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ fún àbọ̀ wákàtí, ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa parí, kẹ́ ẹ sì parí sí i. Orí páànù, òjò ti parí ọ̀rọ̀. Láti oṣù Igbe sí oṣù Ọ̀wàrà, ẹ máa ní ìran kan tí kò lọ́rọ̀ nípamọ́ fún ọjọ́ òjò.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kí máìkì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà. Ẹni tó bá ń to fíìmù pọ̀ á fi dí gbogbo ibi tó gé.

* * *

AYÀWÒRÁN

Fóònù mẹ́ta tẹ́ ẹ ń lò, ìdààmú mẹ́ta ni. Àwọ̀ wọn kò dọ́gba, ọ̀kan ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá, òmíràn 24, èyí tó kù ń yí i padà bó ṣe wù ú. Ẹ mú èyí tó dáa jù, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ kámẹ́rà, kí ìkejì wà ní ìpamọ́. Ìkẹta lè gba ohùn.

Ẹ tò ó sí 1080p (ìwọ̀n àwòrán), àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń tì) 1/50. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀ sí 30 àti 1/60, gílóòbù LED lè máa ṣẹ́jú nínú àwòrán, ojú yín kò ní rí i lọ́jọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lórí 50 Hz géérégé, torí náà fìtílà oníbátìrì ló dáa jù. Ẹ ti ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pa nínú kámẹ́rà fóònù kí wọ́n má baà máa yí padà láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ fi fóònù sí airplane mode, torí ìpè kan ṣoṣo lè dá yíyà dúró lójú ọ̀rọ̀. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà. Òróró àkàrà wà lára ẹ̀.

Ẹ má tan ara yín pẹ̀lú 4K, ìwọ̀n àwòrán tó tóbi ju 1080p lọ. Fóònù tó bá ń ya 1080p, tó ń kọ 17 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá, ń gba nǹkan bí 128 megabyte ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ 4K ní 48 megabit, 360 ni. Tẹ́ ẹ bá yà tó ìlọ́po mẹ́jọ fíìmù ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn 160 ìṣẹ́jú, 1080p á gba nǹkan bí 20 gigabyte. 4K á gba bíi 58. Ta ló ní ibi tó máa kó o sí?

* * *

ALÁTÒPỌ̀

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùyọ̀ǹda máa ń kú sí. Fóònù tó yà á jẹ́ ti ẹnì kan. Ó kún, ó pa díẹ̀ rẹ́ kó lè rí àyè fi àwòrán ìgbéyàwó sí. Tàbí ó rìnrìn àjò lọ sí Èkó pẹ̀lú ẹ̀. Tàbí ó bínú. Òfin kan ṣoṣo ló wà: fóònù kò gbọdọ̀ kúrò ní lokéṣọ̀n títí a ó fi kó ohun inú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tí a ó fi ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan wò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kó ẹ̀dà kejì sórí hard disk tó máa sùn nílé mìíràn. Ẹ má fi WhatsApp kó o bí fídíò, ó máa ń fún un pọ̀ títí ojú á fi dà rú. Tó bá di dandan, ẹ fi ránṣẹ́ bí document.

Ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìwé ẹ̀ sílẹ̀: ìran mélòó, ìgbà mélòó, èwo ló dáa, kí ló bàjẹ́ nínú èyí tó kù, ẹ̀gbà ọwọ́ òsì ni tàbí ọ̀tún. Kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ohùn àti àwòrán lè bára mu. Tí fóònù bá ń yí iye àwòrán padà, ẹ fi HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, sọ ọ́ di 25 tí kò yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu àti ohùn á máa jìnnà síra díẹ̀díẹ̀. Láti to fíìmù pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, DaVinci Resolve ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára. Shotcut àti Kdenlive fúyẹ́ jù ú lọ.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá yà á tán. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn ìran àkọ́kọ́, ẹ to ìṣẹ́jú méjì pọ̀, kí gbogbo wọn rí i. Kò sí ohun tó ń mú olùyọ̀ǹda padà bíi kó rí ohun tí ọwọ́ ẹ̀ ṣe kó sì rí i pé ó dáa.

* * *

ÀGBÀ KAN

Ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ dá Mbari Mbayo, ilé àṣà àti eré, sílẹ̀ nínú ìlú yìí. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré ìgbà náà, ẹni tó lùlù lè tún ṣeré, kó sì kó ẹrù sọ́kọ̀. Ẹ̀yin ń pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ jù.

* * *

ALÁKÒÓSO ÈTÒ

Ẹ kú àgbà, sà. Àwọn yẹn ń jọ jẹ, wọ́n ń jọ rìn, iṣẹ́ wọn ni. Ẹni tó ń rán aṣọ láti Mọ́ńdè dé Ẹtì, tó wá fún wa ní òwúrọ̀ Sátidé, ohun kan ṣoṣo ni kó dì mú, kó mọ̀ ọ́n, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé tiẹ̀ ni. Tó bá gba mẹ́ta, ó máa ti ọ̀kan ṣubú, a ò sì ní lẹ́nu láti bá a wí.

Lórí ọjà: tó bá jẹ́ Ọjà Ọba, ẹ kọ́kọ́ lọ láìgbé kámẹ́rà, ẹ rí ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ọjà. Ẹni tẹ́ ẹ bá dí ìsọ̀ ẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ tó iye tí ì bá tà. Ẹ̀bá odò: tó bá jẹ́ inú Igbó Ọ̀ṣun lẹ ní lọ́kàn, ibi ìjọsìn ni, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ààfin Àtáọ́ja lẹ máa bèèrè lọ́wọ́ wọn, ó sì ń gba àkókò. Fún ìran ìṣẹ́jú kan, ẹ wá bèbè odò mìíràn tó ní igi. Ní oṣù Ògún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ má fi iṣẹ́ kankan sáàárín ìlú.

Aṣọ ọlọ́pàá tàbí ti sójà, ẹ má wọ̀ ọ́ jáde sí títì láìgba àṣẹ. Òfin kò fàyè gbà á, ìbọn onígi náà sì lè gba ẹ̀mí tí ẹni tó ní tòótọ́ bá rí i lókèèrè. Ẹ fi lẹ́tà tó àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò létí, kẹ́ ẹ sì yà á sínú ọgbà.

Ìwé àdéhùn, ojú ewé kan, kí oníkálùkù fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó yà á: iṣẹ́ tó máa ṣe, ọjọ́ tá a nílò ẹ̀, pé a lè lo ojú àti ohùn ẹ̀, bí orúkọ ẹ̀ ṣe máa hàn ní ìparí, ta ló ni fíìmù, àti bí a ó ṣe pín in tí owó bá wọlé lọ́jọ́ kan. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, ẹni tó ṣètò fíìmù ló ni ín àyàfi tí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti parí. Ọmọ tí kò tíì pé 18, òbí ẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i.

* * *

OLÙBÉÈRÈ

Ẹ ṣé gan-an ni. A ti gé bébà, ọjọ́ márùn-ún ló jáde, ènìyàn tó pọ̀ jù tá a nílò lọ́jọ́ kan sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: báwo la ṣe máa kọ̀wé sí àwọn 16 tó ti lọ láìjẹ́ pé ó dà bí ẹ̀sùn?

* * *

ALÁKÒÓSO ÈTÒ

Ẹ má kọ ọ́ sí gbogbo wọn pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú fún Sátidé tá a fi yín jókòó láìsí iṣẹ́, àṣìṣe tiwa ni. Ìṣẹ́jú méjì tá a ti tò pọ̀ nìyí, ẹ wò ó. Ẹ̀yin lẹ di máìkì mú nígbà tí ìyá ń kọrin yẹn. A nílò yín fún ìran kẹsàn-án nìkan, Sátidé tó ń bọ̀, 9:00 sí 11:30, ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Owó ọkọ̀ yín wà nílẹ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà. Tí kò bá rọrùn, ẹ kàn kọ 'rárá' kó tó di Ọjọ́bọ̀ kí a lè wá ẹlòmíràn, orúkọ yín ṣì máa wà ní ìparí fíìmù."